Òkun Kì í Gbẹ, Ṣùgbọ́n Ẹja A Máa Tán

(Àsọyé tí olùkọ́ kan, ọmọ ìlú wa, sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún ti Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú)

    

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ ìwé sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ fún ìwọ̀n ogún ìṣẹ́jú, ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni mo kọ́kọ́ rò pé n ó sọ, nítorí iṣẹ́ tíṣà ni mo ń ṣe láti ìgbà tí mo ti jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá rìn jìnnà ni í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Mo rìn jìnnà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, mo sì rí ohun kan tí kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà náà. Òun ni mo fẹ́ gbé kalẹ̀ níwájú yín lónìí.

Àbúrò mi kan ń ṣiṣẹ́ ní ìlú San José ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà, ní ìhà ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà. Òun ni ó san owó ọkọ̀ òfuurufú mi pé kí n wá fi ojú mi rí ibi tí òun wà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ó ní kí n múra, kí a lọ sí etíkun. Òun, aya rẹ̀, ọmọ wọn obìnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, àti èmi ni a jọ wọ mọ́tò. A rìn lọ sí ìhà gúúsù fún nǹkan bí wákàtí kan àti ààbọ̀ kí a tó dé ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Monterey. Mo ti rò pé oòrùn yóò mú wa, àfi bí mo ṣe rí i pé ìkúukùu bo gbogbo ojú òkun, òtútù sì mú mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gba ẹ̀wù òtútù àbúrò mi wọ̀. Wọ́n ní bí ibẹ̀ ti máa ń rí nígbà ẹ̀rùn wọn nìyẹn. Omi tútù a máa ti ìsàlẹ̀ òkun wá sókè, a sì máa gbé oúnjẹ ẹja bọ̀. Nítorí náà ni ẹja ṣe ń pọ̀ níbẹ̀.

Ilé tí a wá wò dúró sí etí omi gan-an, apá kan rẹ̀ tilẹ̀ yọ sórí òkun. Monterey Bay Aquarium ni orúkọ rẹ̀. Ní èdè tiwa, ẹ jẹ́ kí a pè é ní Ilé Ẹja. Ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 1984 ni wọ́n ṣí i. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá inú òkun mẹ́rin ni ó dá àbá rẹ̀. David Packard, olówó ńlá kan tí ó fi iṣẹ́ ẹ̀rọ là, àti aya rẹ̀ Lucile, ni ó sì fi mílíọ̀nù dọ́là 55 kọ́ ọ. Ọmọ wọn obìnrin, Julie Packard, ni ó ṣe olùdarí rẹ̀ fún ogójì ọdún láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí i. Èyí tí ó wú èmi tíṣà lórí jù lọ ni pé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ náà tí olùkọ́ wọn bá kó wá kì í san kọ́bọ̀ kí wọ́n tó wọlé.

Ohun tí ó kọ́kọ́ dá mi dúró ni igbó inú omi. Ẹ fojú inú wo àgbá kan tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 28, bí ilé alájà mẹ́ta, tí omi inú rẹ̀ jẹ́ gálọ̀nù 333,000, tí ògiri iwájú rẹ̀ sì mọ́ gaara. Ògiri náà kì í ṣe gíláàsì. Ike líle ni, ó sì nípọn ní ìwọ̀n ínṣì 7. Nínú àgbá yìí ni ewéko òkun kan wà tí wọ́n ń pè ní kelp. Kò ní gbòǹgbò bí igi tiwa. Ó kàn di òkúta mú ní ìsàlẹ̀ ni, àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké tí ó wà nídìí ewé rẹ̀ sì ń gbé e dúró títí dé ojú omi. Ó ń mì síwájú, ó ń mì sẹ́yìn, bí àgbàlagbà tí ó ń jó ijó ẹ̀sọ̀. Ẹja sì ń gba àárín rẹ̀ kọjá bí ẹyẹ ti ń gba àárín ẹ̀ka ìrókò.

Ewéko yìí kì í yè bí omi bá dúró sójú kan, nítorí láti ara omi tí ń kọjá ni ó ti ń gba oúnjẹ rẹ̀. Packard fúnra rẹ̀ ni ó ṣe ètò ẹ̀rọ tí ń ti omi náà lọ tí ó sì ń fà á bọ̀, kí ó lè máa ru bí ìgbì. Wọn kò sì fi òrùlé bo orí àgbá náà, kí oòrùn lè wọlé.

Mo bi bàbá arúgbó kan, ọ̀kan nínú àwọn tí ń fi ara wọn ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ níbẹ̀, pé níbo ni wọ́n ti ń rí omi. Ó ní inú òkun tí ó wà lẹ́yìn ilé ni ẹ̀rọ ti ń fà á. Ní ọ̀sán, wọ́n a sẹ́ omi náà, kí ó lè mọ́ kí àlejò lè ríran. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí àlejò bá ti lọ, wọ́n a jẹ́ kí omi wọlé láìsẹ́, pẹ̀lú gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀: ẹyin ẹja, ọmọ akàn, àti àwọn ẹ̀dá wíwẹ́ tí ojú lásán kò lè rí. Oúnjẹ ni èyí jẹ́ fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wà nínú ilé. Àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀ a lẹ̀ mọ́ òkúta, wọ́n a sì di onílé níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè wọ́n. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, “A jẹ́ pé alẹ́ ni ilé yín ń jẹun.”

Bí a ti dúró níbẹ̀, ọkùnrin kan wọ inú àgbá náà, ó gbé afẹ́fẹ́ sẹ́yìn nínú ìgò irin, ó ń fi ọwọ́ fún ẹja lóúnjẹ, ó sì ń bá wa sọ̀rọ̀ láti inú omi nípasẹ̀ ẹ̀rọ tí ó wà nínú ìbòjú rẹ̀. Bí ẹnìkan bá sọ irú èyí fún bàbá mi olóògbé, tí ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe apẹja, yóò ní onítọ̀hún ti mu ẹmu yó.

Láti ibẹ̀ a lọ wo ẹranko kan tí n kò rí irú rẹ̀ rí. Ojú rẹ̀ jọ ti ajá, ara rẹ̀ gùn, irun sì bò ó. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n pè é ní ajá-òkun. Ó ń fẹ̀yìn léfòó lórí omi, ó gbé òkúta lé àyà, ó ń fọ́ ìkarahun lórí rẹ̀ bí ẹni tí ń pa èkùrọ́. Irun ara rẹ̀ dí ju ti ẹranko èyíkéyìí lọ láyé; ibi tí kò fẹ̀ ju ínṣì kan níbùú lóròó lọ, irun ibẹ̀ lè tó mílíọ̀nù kan. Irun yìí gan-an ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á run. Àwọn oníṣòwò awọ pa á títí, tí ó fi di pé nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn ní ọdún 1911 pé kí pípa náà dúró, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà pé kò sí mọ́ ní Kalifọ́níà. Àfi bí wọ́n ṣe rí nǹkan bí 50 ní ọdún 1938 ní etíkun Big Sur, tí kò jìnnà sí Monterey. Ìran àwọn tí ó ṣẹ́kù náà ti tó nǹkan bí 3,000 báyìí.

Ẹ ó bi mí pé kí ni ajá-òkun fi kan igbó inú omi. Ẹ̀dá kan wà ní ìsàlẹ̀ òkun tí ó rí roboto, tí ẹ̀gún bo gbogbo ara rẹ̀ bí òòrẹ̀. Ewéko kelp ni oúnjẹ rẹ̀. Ajá-òkun sì ni ó ń jẹ òun náà. Níbi tí wọ́n bá ti pa ajá-òkun tán, ẹlẹ́gùn-ún yìí a pọ̀, a jẹ igbó náà tán, àwọn ẹja tí ń tọ́mọ sínú igbó a sì pàdánù ilé wọn. Ẹni tí ó ń pa ẹranko nítorí awọ kò mọ̀ pé ẹja ni òun ń lé lọ.

Láti ọdún 1984 ni wọ́n ti ń gba àwọn ọmọ ajá-òkun tí ìgbì yà kúrò lọ́dọ̀ ìyá wọn là níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ń tọ́jú wọn a fi ẹ̀wù àti ìbòjú bo ara wọn, kí ọmọ náà má baà mọ ènìyàn lójú. Lẹ́yìn náà wọ́n a gbé e fún abo ajá-òkun àgbà kan, kí ó gbà á tọ́, kí ó sì kọ́ ọ ní ọ̀nà tí a fi ń wá oúnjẹ, títí wọn yóò fi dá a padà sínú òkun. Àwa tí a mọ iyì alágbàtọ́ nílẹ̀ yìí, ẹ ó mọ ìdí tí omi fi fẹ́ bọ́ lójú mi.

N kò lè ka gbogbo ohun tí mo rí tán. Mo ti ọwọ́ bọ omi, mo sì fi ìka kan ẹ̀yìn ẹja pẹlẹbẹ kan tí ń fò nínú omi bí àdán. Inú yàrá kan tí ó ṣókùnkùn ni wọ́n kó àwọn ẹ̀dá kan sí tí kò ní egungun, tí kò ní ọpọlọ, tí kò ní ọkàn. Wọ́n rí bí agbòjò tí a fi ẹ̀kọ tútù ṣe, iná sì ń tàn sí wọn lára. Roboto ni wọ́n ṣe àgbá wọn, láìní igun, kí omi lè máa yí wọn ká, kí ara wọn má baà gbún ògiri kí ó fàya.

Nígbẹ̀yìn a dé iwájú àgbá tí ó tóbi jù lọ, èyí tí wọ́n fi kún ilé náà ní ọdún 1996, tí omi inú rẹ̀ ju mílíọ̀nù gálọ̀nù kan lọ. Ìjàpá òkun wà níbẹ̀, ẹja túnà wà níbẹ̀. Ní ọdún 2004 wọ́n gbé ọmọ àkurakùdà funfun kan síbẹ̀, ẹja abìjà tí kò sí ilé ẹja tí ó tíì lè tọ́jú rẹ̀ pẹ́ rí. Ó lo ọjọ́ 198. Nígbà tí ó ń dàgbà tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí pa àwọn tí wọ́n jọ ń gbé, wọ́n dá a padà sínú òkun ní ọdún 2005.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ẹja ńlá ni ó dì mí lójú mú. Agbo àwọn ẹja kéékèèké kan ni, tí ara wọn ń dán bí fàdákà, tí gbogbo wọn ń yí lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni pé okùn kan ni ó so wọ́n pọ̀. Mo bèèrè orúkọ wọn. Sàdíìnì ni. Ẹ̀rín pa mí. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ tí a ń gbé nínú ọgbà, inú agolo nìkan ni mo ti mọ sàdíìnì, láìlórí, nínú epo. N kò rò ó rí pé ó ní ojú.

Ibẹ̀ ni ọmọ àbúrò mi ti fà mí lọ́wọ́. Ó ní, “Bàbá, irú ẹja wo ni ó wà nínú ọ̀sà yín nílé?” Inú mi dùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí kà á fún un: obòkún, ẹ̀pìyà, àrọ̀, ṣáwá, akàn, edé. Mo na apá mi, mo ní, “Obòkún tí bàbá mi ń gbé wálé gùn tó apá mi yìí.” Ọmọ náà ní, “Ṣé bí mo bá wálé n ó rí i?”

Ẹ̀yin ará, n kò rí èsì fọ̀. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti rí irú obòkún bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn ní etí omi wa. Èyí tí a ń rí báyìí kò gùn ju kálàmù lọ. N kò sì mọ ọjọ́ tí mo dẹ́kun rírí èyí tí ó tóbi. Bí nǹkan ti ń tán nìyẹn. Kì í dágbére.

Mo padà sí ẹnu ọ̀nà, mo jókòó. Níbẹ̀ ni wọ́n fi àwọn ìkòkò irin ńláńlá kan sí, èyí tí wọ́n ti ń fi ho omi láyé àtijọ́. Nígbà náà ni mo wá gbọ́ ìtàn ilé náà yékéyéké. Ilé Ẹja yìí kò bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé tí a ti ń wo ẹja. Ilé tí a ti ń di ẹja sínú agolo ni. Knut Hovden, ọmọ ilẹ̀ Norway, ni ó ni ín, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ tí ó tò sí òpópó kan náà.

Sàdíìnì ni ọrọ̀ Monterey nígbà náà. Àwọn apẹja, tí púpọ̀ wọn ti Sísílì ní ilẹ̀ Ítálì wá, a lọ sí òkun lóru. Bí ẹja bá ti dé, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan a fọn fèrè tirẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́, tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ obìnrin, a sì jí lọ síbi iṣẹ́, ìbáà ṣe agogo méjì òru. Lásìkò ẹja ti ọdún 1941 sí 1942, sàdíìnì tí wọ́n kó wọ Monterey nìkan tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 250,000. Kì í sì í ṣe ènìyàn ni ó jẹ gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni wọ́n lọ̀ di oúnjẹ adìẹ àti ajílẹ̀, nítorí èrè wà nínú rẹ̀.

Wọn kò ṣàì gbọ́ ìkìlọ̀. Láti àwọn ọdún 1930 ni àwọn onímọ̀ ẹja tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà gbà síṣẹ́ ti ń sọ pé ohun tí a ń kó ń pọ̀ ju ohun tí òkun lè dá padà lọ. Àwọn olówó ní òkun fẹ̀. Àwọn apẹja ní ọmọ ń bẹ tí yóò jẹun. Ogun àgbáyé tún dé, ogun sì fẹ́ oúnjẹ. Nígbà tí ó fi máa di àsìkò ẹja ti ọdún 1947 sí 1948, ohun tí wọ́n rí kó ní Monterey kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí tí mo kà fún yín. Ọkùnrin onímọ̀ kan wà tí ilé ìwádìí rẹ̀ wà lẹ́bàá ilé-iṣẹ́ Hovden, Edward Ricketts ni orúkọ rẹ̀, tí ó kú ní ọdún 1948. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ènìyàn ń wá sàdíìnì kiri, èsì tí ó fún wọn ni pé inú agolo ni wọ́n wà.

Àwọn ilé-iṣẹ́ náà kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1967 ìjọba fi òfin dá pípa sàdíìnì dúró, ṣùgbọ́n ẹyẹ ti fò kí wọ́n tó ti fèrèsé. Ti Hovden ni ó gbẹ́yìn. Ó ti ilẹ̀kùn ní ọdún 1973.

N kò ní parọ́ fún yín. Àwọn onímọ̀ ti rí i lẹ́yìn náà pé sàdíìnì a máa pọ̀, a sì máa dín, bí omi òkun bá ti gbóná tàbí tutù sí, kódà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò dẹ àwọ̀n. Lóòótọ́ ni wọ́n tún pọ̀ sí i lẹ́yìn ọdún 1980. Wọ́n sì tún dín tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi dá pípa wọn dúró lẹ́ẹ̀kejì ní ọdún 2015. Òjò kì í ṣe ẹ̀bi onílé. Ṣùgbọ́n ta ni í tú òrùlé ara rẹ̀ ní ọjọ́ òjò?

Ìtàn náà ní apá kejì, òun ni ó sì mú mi dìde níbi tí mo jókòó sí. Ní àkókò kan náà tí agolo ń kún, obìnrin kan wà ní ìlú Pacific Grove, tí ó bá Monterey pààlà. Julia Platt ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1857 ni wọ́n bí i. Ó kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá oníyè títí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Jámánì ní ọdún 1898, ṣùgbọ́n kò rí ilé ẹ̀kọ́ gíga tí yóò gbà á ṣe olùkọ́. Ó bá fi Pacific Grove ṣe ilé, ó sì gbájú mọ́ ọ̀rọ̀ ìlú. Ní ọdún 1931, nígbà tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, wọ́n dìbò yàn án ṣe olórí ìlú. Ó lo ipò náà láti ya apá kan etí òkun sọ́tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó ohunkóhun níbẹ̀ bí kò ṣe fún ẹ̀kọ́ àti ìwádìí. Ó kú ní ọdún 1935. Kò rí èso ohun tí ó gbìn.

Nígbà tí àwọn ajá-òkun wá padà sí agbègbè náà ní àwọn ọdún 1960, ibi tí ìyá yìí yà sọ́tọ̀ wà nílẹ̀ dè wọ́n. Igbó inú omi tún bẹ̀rẹ̀ sí dí. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ gan-an ni wọ́n kọ́ Ilé Ẹja sí, tí àwọn ènìyàn láti gbogbo ayé ń wá san owó wò. Ìlú tí ẹja kú mọ́ lọ́wọ́ ni ó ń fi ẹja ààyè jẹun lónìí. Omi ni ó dànù, agbè kò fọ́.

Kábíyèsí, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan kí n tó jókòó. Nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì jí oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fín sí kòkó, a sì dà á sí odò kékeré tí ń ṣàn wọ inú ọ̀sà. Kò pẹ́ tí ẹja fi léfòó. A ṣà wọ́n, a tà wọ́n lọ́jà. Ìyá kan tí ó rà á lọ́wọ́ wa wò ó, ó ní, “Ọmọ, kí ló ṣe ojú ẹja yìí?” Mo purọ́ fún un.

Bàbá mi gbọ́. Ó yà mí lẹ́nu pé kò nà mí. Ní ìdájí ọjọ́ kejì ó mú mi lọ sí etí odò náà, ó bu omi sínú igbá, ó ní kí n wò ó. Òkú ọmọ ẹja ni ó kún un, èyí tí ó tóbi nínú wọn kò tó èékánná. Ó ní, “Àwọn tí ìyàwó rẹ ìbá sè fún ọ nìyí.” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi ti fẹ́ ìyàwó, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ó ti ń se ẹja fún mi. Ẹja tútù tí wọ́n kó wá láti òkèèrè nínú yìnyín ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, àwa tí a ń gbé etí ọ̀sà.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ wa nìkan ni ó ń ba omi wa jẹ́. Àwọn tí ń wa iyanrìn kì í ṣe ọmọ wa, ìdọ̀tí tí omi ń gbé wá kì í ṣe tiwa nìkan. Òjò ni ìyẹn. Òrùlé ni mo ń sọ. Nítorí náà mo mú àbá mẹ́ta wá.

Èkíní, kí a ya apá kan ọ̀sà wa sọ́tọ̀, láti ẹnu odò kékeré yẹn títí dé èbúté àtijọ́, tí àwọ̀n kò ní wọ̀ tọ̀sán tòru, kí ẹja lè máa tọ́mọ níbẹ̀. Àwọn baba wa ní irú rẹ̀. Wọ́n ní ibi kan nínú odò jẹ́ ti òrìṣà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pẹja níbẹ̀. Nígbà tí a kàwé, a fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Onígbàgbọ́ ni mí, n kò sọ pé kí a padà sí ìbọ. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi èèwọ̀ ṣọ́, ẹ jẹ́ kí àwa fi òfin ṣọ́ ọ.

Èkejì, kí Kábíyèsí àti ẹgbẹ́ àwọn apẹja fi ẹnu kò láti lé oògùn àti àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ kúrò nínú omi wa. Ẹlòmíràn yóò ní ebi ń pa apẹja, tíṣà tí ń gba owó oṣù ń sọ ti ẹnu rẹ̀. Òótọ́ ni ó sọ. Ọmọ apẹja ni mí, mo mọ iye tí àwọ̀n ń jẹ. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ ẹ̀yin tí ẹ wà ní òkè òkun: owó tí ẹ fẹ́ fi kọ́ ẹnubodè ìlú lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ kí a fi yá àwọn apẹja wa ní àwọ̀n olójú ńlá, kí wọ́n máa san án díẹ̀díẹ̀. Ẹnubodè yóò dúró dè wá. Ẹja kò ní dúró.

Ẹ̀kẹta, kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa ní ìwé kan tí wọn yóò máa kọ ohun tí ó bá gúnlẹ̀ sí èbúté ní ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan: irú ẹja tí ó jẹ́, iye rẹ̀, gígùn rẹ̀. Ní Monterey, ẹnìkan kọ iye sílẹ̀; ìdí nìyẹn tí mo fi lè dúró níhìn-ín kà á fún yín. Àwa kò kọ ọ́, nítorí náà a kò lè sọ ọjọ́ tí obòkún ńlá lọ. Èmi yóò fi owó oṣù mi kan ra àgbá gíláàsì kan fún ilé ẹ̀kọ́ wa, a ó kó ẹ̀pìyà àti àrọ̀ sínú rẹ̀, kí ọmọ tí a bí sí etí omi lè rí ojú ẹja kí ó tó rí i nínú ọbẹ̀.

Àbúrò mi ti kọ̀wé pé òun yóò mú ọmọ náà wálé fún ọdún Kérésìmesì lọ́dún mẹ́ta sí i. Ọdún mẹ́ta kò pọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá fi omi sílẹ̀ ní àlàáfíà, ẹja kì í fi àkókò ṣòfò. Mo fẹ́ mú un lọ sí èbúté ní ìdájí, kí n na apá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja kan, kí ó sì rí i pé n kò purọ́ fún òun.

 Kí ìlú wa máa gòkè, kí omi wa má ṣe ṣófo. Àṣẹ.